Ìlú Kan, Ìjọba Méjì: Ilé Kíkọ́ àti Eré Bọ́ọ̀lù ní Berlin

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni bí ìṣèlú ṣe ń darí ilé kíkọ́ àti eré ìdárayá. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ni ó kan òṣèlú nínú bọ́ọ̀lù tí a ń gbá, tàbí nínú bíríkì tí a fi ń mọ ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdáhùn, kí ó bá mi ká lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ìlú tí a là sí méjì bí ẹni la obì.

Ní 1945, nígbà tí a ṣẹ́gun Hitler, orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni ó pín ìlú náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Rọ́ṣíà gba apá ìlà-oòrùn. Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí yóò fi di ìparí 1949, Jámánì ti di orílẹ̀-èdè méjì. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹjọ, 1961, ìjọba ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí mọ ògiri sí àárín ìlú, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ má baà máa sá lọ. Ṣùgbọ́n kí ògiri yìí tó dé, ilé ni ìhà méjèèjì kọ́kọ́ fi ń bá ara wọn jà.

Ìlà-oòrùn ni ó kọ́kọ́ dìde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n kọ́ àwọn ilé gìrìwò sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà kan tí a fi orúkọ Stalin, olórí Rọ́ṣíà, pè. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 90 mítà, wọ́n sì ń pe àwọn ilé náà ní ààfin òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, 1953, àwọn tí ó ń kọ́ ilé wọ̀nyí gan-an ni ó da irinṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ìjọba fi kún iṣẹ́ tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ṣe láìfi kún owó ọ̀yà. Ní ọjọ́ kejì, ìyanṣẹ́lódì náà tàn ká gbogbo ìlà-oòrùn Jámánì, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà sì fi ọkọ̀ ogun tẹ̀ ẹ́ rì. Ààfin ni a kọ́ fún òṣìṣẹ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ lanu sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ogun ni a fi dá a lóhùn.

Ìwọ̀-oòrùn fèsì ní 1957. Wọ́n pe àwọn ayàwòrán ilé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ láti tún àdúgbò Hansaviertel kọ́. Walter Gropius, Alvar Aalto, àti Oscar Niemeyer ọmọ ilẹ̀ Brazil wà nínú wọn. Àwọn ilé náà kò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ogun. Inú igi ni wọ́n fọ́n sí, bí ẹni pé wọ́n ń wí pé olúkúlùkù ni ó ń yan ọ̀nà tirẹ̀ níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìjọba ni ó ṣètò òmìnira yìí náà. Ní 1969, ìlà-oòrùn gbé ilé-ìṣọ́ tẹlifíṣọ̀n kan dìde tí ó ga ju 360 mítà lọ, kí ará ìwọ̀-oòrùn má lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Àṣé oòrùn kò gba àṣẹ ìjọba: bí ó bá ti ràn sára bọ́ọ̀lù irin tí ó wà lókè rẹ̀, àmì àgbélébùú ni ó ń hàn, ní orílẹ̀-èdè tí ìjọba rẹ̀ kò fojúure wo ìsìn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ orí pápá. Ẹ̀bá ààlà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ni pápá àtijọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Hertha wà. Nígbà tí ògiri dé, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ìlà-oòrùn kò lè kọjá mọ́. A gbọ́ pé ṣe ni wọ́n ń kóra jọ sẹ́yìn ògiri láti máa fetí sí ariwo òǹwòran ní òdìkejì. Ojú kò rí bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n etí gbọ́ góòlù.

Ní ìlà-oòrùn, ẹgbẹ́ Dynamo ni ààyò Erich Mielke, olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ní 1954, a ti kó àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó gba ife-ẹ̀yẹ fún ìlú Dresden wá sí Berlin nípa àṣẹ. Láti 1979 títí dé 1988, Dynamo gba ife-ẹ̀yẹ líìgì ní ìgbà mẹ́wàá léraléra. Lóòótọ́, wọ́n ní ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ariwo pé àwọn rẹfirí ń ṣègbè fún wọn kò dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yàn láti fẹ́ràn Union, ẹgbẹ́ àdúgbò Köpenick, tí kò ní irú alátìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Bí àwọn alátakò bá to ara wọn bí ògiri láti dí bọ́ọ̀lù, àwọn òǹwòran Union a máa kígbe pé ògiri náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ta ni yóò mú wọn? Bọ́ọ̀lù ṣáà ni wọ́n ń wò.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá, 1989, ògiri Berlin lanu. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, 1990, kí Jámánì tó di ọ̀kan padà, Hertha àti Union pàdé ní pápá ńlá tí Hitler kọ́ fún ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1936. Ó lé ní 50,000 ènìyàn tí ó wá wòran. Hertha ni ó borí pẹ̀lú góòlù méjì sí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ìhà méjèèjì ni ó yọ̀.

Ẹ má rò pé ìṣèlú fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ náà. Ní 1950, ìlà-oòrùn ti fi àgbá olóró wó ààfin àwọn ọba àtijọ́. Ní 1976, wọ́n ṣí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn sórí ilẹ̀ náà. Láàárín 2006 sí 2008, Jámánì tuntun wó o, wọ́n sì kọ́ ilé mìíràn tí ojú rẹ̀ jọ ti ààfin àtijọ́, èyí tí ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ní 2021. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹwà lójú ta ni? Pápá ìṣiré tí ìlà-oòrùn kọ́ ní 1950 ńkọ́? A wó o ní 1992, nígbà tí Berlin ń du Òlíḿpíìkì ọdún 2000, tí Sydney padà gbà. Láti 2019, olú-iṣẹ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni a ṣí síbẹ̀. Ibi tí a ti ń pariwo góòlù ti di ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ṣùgbọ́n ní 2008 sí 2009, ó lé ní 2,000 olólùfẹ́ Union tí ó fi ọwọ́ ara wọn tún pápá ẹgbẹ́ wọn kọ́. Èyí ni ó fi hàn wá pé alágbára lè pàṣẹ fún bíríkì, ó sì lè pàṣẹ fún agbábọ́ọ̀lù. Kò lè pàṣẹ fún ìfẹ́ inú òǹwòran.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ilé ńlá tàbí pápá tuntun bá dìde ní ìlú yín, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti bèèrè ohun mẹ́ta: Ta ni ó pàṣẹ rẹ̀? Kí ni a wó kí ó tó dúró síbẹ̀? Ta ni kò lè wọlé? Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ka ìtàn ìlú náà.