Ẹ̀jẹ̀ tó ń dì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn: ohun tó yẹ kí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ mọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹbí ló gbà pé tí dókítà bá ti rán ojú ọgbẹ́ tán, tí aláìsàn sì ti lajú, ewu ti kọjá nìyẹn. Àmọ́ ewu kan wà tí kì í tètè fojú hàn: ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan ẹsẹ̀. Tó bá já kúrò níbi tó wà, ó lè lọ dí iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa èèyàn lójijì.

Kí ló ń fà á?

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè dì kí ọgbẹ́ lè dá. Tí aláìsàn bá wá dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ kò ní rìn dáadáa. Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹni tó sanra jù, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àti ẹni tó ti ṣe rí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dènà rẹ̀?

Ìrìn ni àkọ́kọ́. Ìfẹ́ ló ń mú kí ẹbí máa sọ pé "Ẹ má dìde, ẹ sinmi," àmọ́ gbàrà tí dókítà bá ti gbà á láyè, ẹ ràn án lọ́wọ́ kó dìde rìn. Ẹni tí kò tíì lè dìde, kó máa mi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sódò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìkejì ni abẹ́rẹ́ heparin. Lọ́dún 1975, Vijay Kakkar àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn tó lé ní 4,000. Nínú ìdajì tí wọn ò fún ní heparin, ẹ̀jẹ̀ dídì pa ẹni 16; nínú àwọn tó gbà á, ẹni 2 péré ni.

Nílé ńkọ́?

Ewu náà ṣì wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ikùn fún lè máa gba abẹ́rẹ́ náà títí di ọjọ́ 28. Tówó bá ń dun yín, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má kàn dá a dúró. Ẹ má sì da àgbo tàbí aspirin pọ̀ mọ́ ọn láìbéèrè, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa ya.

Tí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó ń ro ó, ẹ má fi òróró wọ́ ọ o. Tí èémí bá ń gé, tí àyà ń dun aláìsàn, tàbí tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró dọ̀la.