Tẹ́tẹ́ Abala Kejì

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni èyí, nínú èyí tí a kì í ka ayò kankan bí kò ṣe èyí tí ó bá wọlé lẹ́yìn ìsinmi, bí ẹni pé òdo sí òdo ni eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àfikún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti pẹnáritì àṣekágbá kò sì sí níbẹ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún: nínú àṣekágbá Champions League ní Istanbul, ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2005, AC Milan fi ayò 3 sí òdo ṣíwájú Liverpool wọ ìsinmi, láàárín ìṣẹ́jú 54 sí 60, Gerrard àti Smicer gbá méjì wọlé fún Liverpool, Dida, aṣọ́lé Milan, gbá pẹnáritì Alonso dànù, Alonso sáré bá bọ́ọ̀lù náà, ó sì gbá a sókè àwọ̀n. Ọ̀mì 3 sí 3 ni àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú náà, síbẹ̀ ẹni tí ó ta Liverpool fún abala kejì jẹ ní àjẹyó.