Ẹ̀rí Àpáàdì Nínú Ìtàn Ilé-Ifẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àpáàdì ní í ko iná lójú. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ko iná lójú, ó sì ko ọdún lójú pẹ̀lú. Igi ti rà, aṣọ ti gbó, ògiri ti wó di ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àfọ́kù ìkòkò tí àwọn ará ìgbàanì tẹ́ sí àgbàlá àti ojú ọ̀nà wọn ṣì wà nínú ilẹ̀.

Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 ni wọ́n tẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọn kò kàn dà á sílẹ̀ lásán: ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi tò ó mọ́lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nígbà mìíràn bí egungun ẹja, wọ́n sì ń fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwo, Ọọ̀ni tí í ṣe obìnrin, ni ó pàṣẹ rẹ̀, kí ẹrẹ̀ má baà kan òun lára. Bí ó ti wù kí a gba ìtàn náà sí, ìlú tí ó ní àfọ́kù tó bẹ́ẹ̀ ti ní láti kọ́kọ́ ní orù, ìṣaasùn àti àmù lọ́pọ̀ yanturu. Ta ni ó mọ wọ́n?

Ní ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀. Nígbà tí ó rí àwọn ère orí tí a fi amọ̀ ṣe, kò gbà pé baba ńlá wa ni ó ṣe wọ́n. Ó ní iṣẹ́ àwọn ará Atlantis ni, ìlú tí ìtàn Gíríìkì sọ pé òkun gbé mì. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó dá a lóhùn. Ní Ìta Yemòó, níbi tí Frank Willett ti wa ilẹ̀ ní 1957, àti ní ilẹ̀ Ọbalára, níbi tí Peter Garlake ti wa ilẹ̀ ní 1971 sí 1972, ère amọ̀ àti ilẹ̀ àpáàdì ni a bá pọ̀. Ní ilẹ̀ Ọbalára, ìkòkò kan wà láàárín àpáàdì náà, a sì ya àwòrán ojúbọ, orí ènìyàn àti ejò sí i lára. Iṣẹ́ agbẹ́gilére kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ amọ̀kòkò ni.

Láàárín àwa Yorùbá, ọwọ́ obìnrin ni iṣẹ́ ìkòkò wà jù lọ. Ní Ìpetumodù, tí kò jìnnà sí Ifẹ̀, àwọn ìyá ṣì ń ṣe é. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, láìsí kẹ̀kẹ́ tí ń yí amọ̀. Gbangba ni wọ́n sì ti ń fi igi sun ún. Ṣùgbọ́n ìkòkò irin àti ike ti gba ọjà lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ilé tuntun ń fọ́ ilẹ̀ àpáàdì káàkiri.

A mọ orúkọ ọba tí a ní ó pàṣẹ. A kò mọ orúkọ ẹyọ amọ̀kòkò kan. Èyí tí ó kọjá ti kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà láàyè mọ orúkọ oríṣiríṣi amọ̀, ìkòkò àti ohun èlò iṣẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má baà ṣáájú àpáàdì parẹ́.