Makarrata

Èdè àwọn Yolngu ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n, Arnhem Land ní ìhà àríwá sì ni ilé wọn. Makarrata ni ètò tí wọ́n fi ń parí ìjà láàárín ìdílé sí ìdílé.

Láyé àtijọ́, bí ẹnìkan bá pa ọmọ ìdílé mìíràn, tọ̀túntòsì a pàdé ní gbangba, wọn a kun ara, wọn a sì jó lọ pàdé ara wọn. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ a ju ọ̀kọ̀ tí wọ́n ti yọ ẹnu rẹ̀. Àwọn ará ìdílé tó jẹ̀bi a máa yẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà a dúró tì wọ́n kí ìbínú má baà kọjá ààlà. Níkẹyìn, wọn a fi ọ̀kọ̀ gún ọ̀daràn náà ní itan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, ẹ̀san parí nìyẹn.

Lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú òṣèlú. Ní 2017, àwọn aṣojú ọmọ onílẹ̀ tó pàdé ní Uluru béèrè fún Ìgbìmọ̀ Makarrata, tí yóò bójú tó àdéhùn pẹ̀lú ìjọba àti sísọ òtítọ́ ìtàn.

Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Makarrata ni ìdájọ́ tí a ti ń bọ̀ ká tún lè jọ gbé. Nítorí náà, ẹ má ṣe pè é ní àlàáfíà lásán: kò sí makarrata níbi tí ẹni tó ṣẹ̀ kò bá ti yọjú.