Ta Ló Ní Dandan Ni Kí Tuntun Wà Lókè?

Ẹni tó bá ń kọ búlọ́ọ̀gì lóde òní kì í sábà béèrè ìdí tí ohun tó kọ lónìí fi wà lókè, tí èyí tó kọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Ṣùgbọ́n èèyàn ló tò ó bẹ́ẹ̀, kò sì tíì pẹ́ rárá.

Nígbà tí Justin Hall, akẹ́kọ̀ọ́ ní Swarthmore College ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tirẹ̀ ní 1994, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ HTML, èdè tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe wu kálukú ló ń to tirẹ̀: ẹlòmíì á to àkọlé jọ bíi ti iwájú ìwé, ẹlòmíì á ya orin sọ́tọ̀, á ya ìrìn àjò sọ́tọ̀. Àwọn tó ń gbé tuntun sókè wà láàárín wọn. Jorn Barger, tó fún irú iṣẹ́ náà lórúkọ weblog ní 1997, ń tọ́ka sí ohun tó bá kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ìtò yẹn yẹ iṣẹ́ rẹ̀.

Irinṣẹ́ ló sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Blogger dé lóṣù Kẹjọ 1999, Movable Type lóṣù Kẹwàá 2001, WordPress lóṣù Karùn-ún 2003. Oore ńlá ni wọ́n ṣe, nítorí ẹni tí kò gbọ́ HTML rárá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fi ọjọ́ sí i, tó ń gbé tòní gorí tàná, tó ń kó tàtijọ́ sínú àkójọ oṣooṣù. Nílé wa níbí, Linda Ikeji bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lórí Blogger ní 2006. Ìròyìn ló ń gbé, ìtò náà sì bá a mu wẹ́kú. Àwọn tó ń kọ nípa oúnjẹ àti ìtàn ìlú náà mú un bẹ́ẹ̀, tiwọn kì í sì í ṣe ìròyìn.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èmi ń kọ nípa rẹ̀, iṣẹ́ tó ní ohun tó ń ṣáájú àti ohun tó ń tẹ̀lé e. Wọ́n á kọ́kọ́ fi láfún àti álọ́ọ̀mù se ẹ̀kọ, wọ́n á sẹ́ ẹ kó má ní kókó. Aládìrẹ á ki ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, á fi ya ọnà sára aṣọ funfun, á sá a kó gbẹ kó tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í ràn án dáadáa. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ẹ̀kọ ṣíwájú, aró gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n aró ni àlejò ń kọ́kọ́ bá. Ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi pé aró gba gbogbo aṣọ òun, ọnà kankan ò jáde. Kò rí ibi tí mo ti sọ bí ẹ̀kọ ṣe gbọ́dọ̀ ki tó. Ó dùn mí gan-an.

WordPress 1.5 ti fàyè gba ojú ewé tí kì í bá ọjọ́ rìn láti oṣù Kejì 2005. Ibẹ̀ ni mo ń kó iṣẹ́ mi lọ: Ẹ̀kọ, Ọnà, Aró, Ìtàn. Lábẹ́ Ọnà, ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ló ṣíwájú, nítorí àwòrán òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, ọdún 1929 ni wọ́n sì ṣí gbọ̀ngàn náà. Ó jẹ́ ká lè fojú díwọ̀n ọjọ́ orí ọnà ọ̀hún.

Kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀gì mi tẹ́lẹ̀ ti lọ. Láti ìgbà tí Ethan Marcotte, ẹni tó ń ṣe ọnà ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ti kọ̀wé ní 2010 lórí ojú ewé tó ń bá ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ mu, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sábà máa ń bọ́ sísàlẹ̀ lórí fóònù, fóònù sì ni àwọn òǹkàwé mi ń lò. Yíyan fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, ló gbà mí lákòókò jù. Unicode, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò ní ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Wọ́n ń gbé àmì ohùn ka orí ẹ ni. Nínú fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, àmì á fò lọ bá lẹ́tà kejì. “Ẹlẹ́kọ” ni mo fi ń dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, mo sì pa èyí tó rẹwà jù tì nítorí rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ nǹkan á ṣì máa wà lábẹ́ rẹ̀. Àdírẹ́sì ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ní yí padà, nítorí àwọn èèyàn ti fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, mi ò fẹ́ kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ bá òfo.