Táǹkì epo Kirikiri àti òfin tó ń pẹ́ dé

Ẹ̀yìn ìjàm̀bá ni òfin àyíká máa ń dé ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí ìdọ̀tí olóró láti Ítálì dé ìlú Koko ní Nàìjíríà ni ìjọba ṣòfin lórí rẹ̀ ní 1988. Ọdún 1992 ni òfin tó ní kí a yẹ ewu iṣẹ́ ńlá wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ jáde. Ní Kirikiri, l'Ékòó, táǹkì epo ti di aládùúgbò ilé gbígbé: ọkọ̀ ojú omi ń já epo sí èbúté, páìpù ń gbé e wọ táǹkì, tírélà ń tò láti gbà á. Omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kò jìn. Epo tó bá jò lè dé inú kànga.

Àwọn kan á ní òfin líle á lé iṣẹ́ lọ. Lóòótọ́, iṣẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jèrè kọ́ ló ń mu omi kànga. Òfin 2007 tó dá NESREA, àjọ ìjọba tó ń mójútó àyíká, sílẹ̀ sì yọ epo rọ̀bì kúrò lábẹ́ àjọ náà. Amẹ́ríkà ṣe irú ẹ̀ ní 2005, tó yọ fífi omi àti kẹ́míkà fọ́ àpáta wa epo kúrò nínú òfin omi mímu, àfi èyí tó bá lo dísù. Ibi tí ewu pọ̀ sí ni òfin ti ń ṣojúsàájú. Kí ìjọba máa yẹ omi kànga Kirikiri wò, kí wọ́n sì kéde èsì rẹ̀, kí wọ́n tó tún ìwé àṣẹ táǹkì kankan ṣe.