Ìtàn tó wà nínú orúkọ Indomie

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ní kí n wá orúkọ Yorùbá fún Indomie. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ tó wà nílẹ̀ wò ná.

“Mie” jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ń sọ èdè Hokkien; àwọn ló mú un dé Indonéṣíà. “Indo” dúró fún Indonéṣíà, Íńdíà ló sì wà nídìí orúkọ orílẹ̀-èdè yẹn. Ilé-iṣẹ́ Tolaram, tí ìdílé ọmọ Íńdíà kan dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1948, ló kó o wọ Nàìjíríà ní 1988. Ní 1995 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níbí. Lónìí, ní Ìdànrè, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é, Indomie lọmọdé ń pè é, ata àti ẹyin la sì fi ń sè é.

Ṣé ká wá pa orúkọ náà rẹ́? Rárá o. Kòkó tó kọ́ ilé fún àwọn bàbá wa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́rìí sí i. Ta ló máa wá sọ pé kòkó kì í ṣe ti Ìdànrè? Ẹ fi Indomie sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, jàre. Bí a bá yí i padà, ẹlẹ́rìí ìrìn àjò rẹ̀ á sọnù.